Ògiri Tí Mo Mọ fún Bàbá Onírunmú

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá ìyàwó mi. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni kì í fẹ́ gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ìyá ìyàwó wọn bí wọ́n bá ń jẹun lọ́wọ́, kí òkèlè má baà há wọn lọ́nà ọ̀fun. Tèmi yàtọ̀. Bí wọ́n bá ní kí n pọn màmá yìí láti ibi tí mo jókòó sí dé ibi tí òrùn ń lọ sùn, ìbéèrè kan ṣoṣo tí n ó béèrè ni pé ṣé kí n gbé àga wọn dání.

Iṣẹ́ táìsì ni mò ń ṣe. Kò sí balùwẹ̀ tí mo tẹ́ táìsì sí tí eṣinṣin kì í yọ̀ ṣubú nínú rẹ̀, nítorí dídán. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí ìwé ti bẹ̀rẹ̀ sí í le, mo fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín. Ṣùgbọ́n bó bá di ti irọ́ àti ẹ̀fẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló yẹ kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wá máa jókòó sílẹ̀ kọ́ṣẹ́. Àgbà Irọ́ ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò, mo sì ń dáhùn.

Ibi iṣẹ́ ni mo ti já bọ́ láti orí àkàbà. Àkàbà náà ga débi pé mo rí ẹyẹ méjì tó ń jà nísàlẹ̀ mi kí n tó balẹ̀, mo sì ráyè là wọ́n níjà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi kán. Ìyàwó mi, aránṣọ ni, kò lè ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ilé wa, torí iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló kù tó ń bọ́ wa. Ìgbà yẹn ni màmá dé. Báàgì kékeré kan ni wọ́n gbé dání, pẹ̀lú àpótí gíláàsì kan tó gùn tó àga onímẹ́ta, àti bọ́kẹ́ẹ̀tì kan tí ẹja wà nínú rẹ̀.

Màmá yìí ló ń fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ mi láràárọ̀. Àwọn ló ń gbé oúnjẹ mi wá, àwọn ló ń dì mí mú lábíyá nígbà tí mo tún ìrìn kọ́ bí ọmọ tó ń ṣe tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́. Orí àga ni wọ́n ń sùn kí n lè na ẹsẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ṣe láìkanra, ṣùgbọ́n láìrẹ́rìn-ín pẹ̀lú.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́. Bí mo bá la ẹnu pé kí ọpẹ́ jáde, ẹ̀fẹ̀ ló máa ń tú jáde, bí ìgbà tí èèyàn ṣí ẹ̀rọ omi tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló kún inú páìpù.

"Màmá," mo ní lọ́jọ́ kan, "bí ẹ bá ń kẹ́ ẹsẹ̀ yìí báyìí, ẹsẹ̀ kejì á jowú, á lọ kán ara rẹ̀."

"Mo gbọ́," ni màmá wí. "Gbé e sókè díẹ̀."

Gbogbo ẹ̀fẹ̀ mi, "mo gbọ́" ni èsì rẹ̀. Mo dá èyí tó pa ògiri lẹ́rìn-ín, màmá ní àwọn gbọ́. Mo ṣe èyí tó mú kí ìyàwó mi da tíì sára, màmá ní àwọn gbọ́, wọ́n sì lọ mú àkísà wá.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ẹja. Àwọn wẹ́wẹ́ pupa kan wà nínú àpótí náà tó ń sá kiri bí ẹni tí wọ́n ń lé, ṣùgbọ́n ọ̀gá ibẹ̀ ni ẹja kan tó máa ń nà gbalaja sísàlẹ̀, tó ní irunmú gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. Bàbá Onírunmú ni màmá ń pè é. Bàbá ìyàwó mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, ló rà á nígbà tó kéré bí ìka ọwọ́. Irunmú wà lójú bàbá náà pẹ̀lú, ó sì tóbi débi pé bí wọ́n bá ń bọ̀ láti ìta, irunmú náà á ti wọlé jókòó kí àwọn tó dé. Wọ́n sọ fún màmá pé, "Bí mo bá jáde, kí o máa wo eléyìí." Wọ́n jáde lọ́jọ́ kan, wọn ò padà wálé mọ́. Màmá sì ń wo eléyìí.

Yanrìn funfun tó kúnná bí ìyẹ̀fun ló wà níwájú inú àpótí náà, ibẹ̀ ni Bàbá Onírunmú ti ń fi irunmú rẹ̀ tú ilẹ̀ wá oúnjẹ. Òkúta wẹ́wẹ́ dúdú ló wà lẹ́yìn, torí pé inú rẹ̀ ni gbòǹgbò àwọn ewéko omi ti ń rí ohun dì mú. Kò sí ohun tó là wọ́n láàárín. Díẹ̀díẹ̀ ni òkúta ń yí wọ inú yanrìn, ẹnu òkúta náà sì mú. Bí ẹja bá ki irunmú bọlẹ̀, á pàdé òkúta. Láìpẹ́, irunmú náà ń bó, ó ń kúrú, ẹja náà kò sì fẹ́ fi tú ilẹ̀ mọ́. Ó kàn ń sùn síbẹ̀ ni. Kì í jẹun bíi ti tẹ́lẹ̀.

Màmá wò ó títí ní àárọ̀ ọjọ́ kan. "Irunmú ọkọ mi ń tán lọ," ni wọ́n wí, kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Nígbà yẹn, mo ti ju ọ̀pá ìtìlẹ̀ nù, mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo ní, ọpẹ́ tó kọ̀ tí kò jáde lẹ́nu mi, n ó jẹ́ kó gba ọwọ́ mi jáde. Èmi tí mò ń tẹ́ táìsì fún àwọn olówó, ṣé n ò lè la àárín yanrìn àti òkúta ni?

"Màmá, mo fẹ́ mọ ògiri sínú omi yín," mo ní. "Ògiri tó jẹ́ pé bí wọ́n bá rí i, àwọn ẹja inú òkun á máa kọ́wọ̀ọ́ rìn wá síbí láti gba yàrá."

"Mo gbọ́," ni màmá wí.

Ògiri àkọ́kọ́, àfọ́kù táìsì ni mo fi ṣe é, mo tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Ó lẹ́wà bí ààfin. Màmá fi ìka wọn tọ etí rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì yọ díẹ̀ níka wọn. "Òkúta ń bó o, èyí á gé e," ni wọ́n wí. Mo kó ààfin mi dànù.

Ìkejì, mo gé ike ìgò omi gbọọrọ, mo rì í mọ́ inú yanrìn. A ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí ògiri náà bọ́ lẹ́sẹ̀, ó léfòó wá sókè, ẹja pupa kan sì gun orí rẹ̀ bí ọ̀gá awakọ̀ òkun. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí tó fi ń di ìhà mú. Màmá fi ṣíbí yọ ọ́ jáde.

Ìgbà yẹn ni màmá fà mí jókòó, tí wọ́n là á yé mi. Wọ́n ní ìsàlẹ̀ ògiri náà gbọ́dọ̀ dé ilẹ̀ gíláàsì gan-an, kí òkúta má baà gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Wọ́n ní kí n wá òkúta odò tí omi ti fọ̀ títí tó fi ń dán, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ike kí ó lè wúwo. Bí mo ṣe kó òkúta dé báyìí, màmá gbé fínígà, omi kíkan inú ìgò, wá láti ilé ìdáná, wọ́n ń kán an sórí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá hó, wọ́n jù ú dànù, torí wọ́n ní irú òkúta bẹ́ẹ̀ máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, á sì ba omi jẹ́. Màmá tẹ́tí sí òkúta bí dókítà tó ń gbọ́ ìmí aláìsàn.

Mo se àwọn tó yege nínú ìkòkò kí ìdọ̀tí lè kúrò lára wọn. Ìyàwó mi gòkè wá láti ṣọ́ọ̀bù, ebi ń pa á, ó ṣí ìkòkò.

"Kí lèyí?"

"Oúnjẹ ni," mo ní. "Ní sùúrù. Wọ́n ṣì le díẹ̀."

"Ọlọ́run ló mọ ohun tí mo rí lára ẹ tí mo fi fẹ́ ẹ," ìyàwó mi wí, ó sì lọ wá búrẹ́dì. Màmá wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò wá.

Ìdérí abọ́ ike ńlá kan ni mo là sí gbọọrọ. Mo rì í sínú omi gbígbóná títí tó fi rọ̀, mo wá tẹ̀ ẹ́ kọ́rọkọ̀rọ bí odò tó ń wá ọ̀nà lọ. Òkúta funfun ni mo lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ tó máa kọjú sí yanrìn, òkúta dúdú ni mo lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ tó máa kọjú sí ewéko, mo sì fi pupa kan ṣoṣo sí àárín, bí ẹni pé ẹnu ọ̀nà ilé onílé nìyẹn. Ẹ gbà mí gbọ́, tàbí kí ẹ má gbà mí gbọ́, òṣùpá yọjú lójú fèrèsé wò ó.

Gọ́ọ̀mù sílíkóònù ni mo fi lẹ̀ ẹ́. Màmá ti kìlọ̀ fún mi nípa rẹ̀. Oríṣi méjì ló wà. Èyí tí à ń lò ní balùwẹ̀, oògùn wà nínú rẹ̀ tó ń pa ohun dúdú tó máa ń hù sí kọ̀rọ̀ ògiri, oògùn náà kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun dúdú àti ẹja. Èyí tí kò ní oògùn ni kí n rà. Mo rà á. Ṣùgbọ́n méjèèjì jọra bí ìbejì, lẹ́tà tó sì ya wọ́n sọ́tọ̀ kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Nítorí náà, mo mú òwú pupa ìyàwó mi, mo dè é mọ́ ti ẹja lọ́rùn, mo jù wọ́n sínú àpò iṣẹ́ mi. Lọ́jọ́ kejì, èyí tí òwú pupa wà lọ́rùn rẹ̀ ni mo fi lẹ òkúta náà.

Nígbà tí ògiri náà gbẹ tán lójú fèrèsé, mo rì í sínú àpótí lówùúrọ̀ kan kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Màmá fi ọwọ́ ara wọn ti yanrìn sí i lẹ́sẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n wò ó. Bàbá Onírunmú fi irunmú kékeré rẹ̀ tó kù kan yanrìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ilẹ̀.

"Ó dára," ni màmá wí.

Ẹ wò ó, mo rìn dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀.

Àkókò oúnjẹ ọ̀sán, a jókòó sórí àpò síméǹtì, à ń jẹ búrẹ́dì. Ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣe iṣẹ́ páìpù, Olómi ni a ń pè é, ó ń rẹ́rìn-ín sínú búrẹ́dì tirẹ̀.

"Ṣé búrẹ́dì yẹn ń sọ̀rọ̀ ni?" mo bi í.

"O ò tíì mọ̀ ṣá," ó ní. "Ìwọ tó fi gọ́ọ̀mù lẹ bàtà mi mọ́lẹ̀, tí mo fi lọ sílé ní ẹsẹ̀ lásán. Mo ti san án padà."

"Kí lo ṣe?"

"Òwú pupa tí o dè mọ́ gọ́ọ̀mù. Mo tú u, mo dè é mọ́ ìkejì. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan. Mò ń retí kí oníbàárà wá máa lé ẹ kiri pé ohun dúdú ń hù ní balùwẹ̀ òun."

Búrẹ́dì ẹnu mi di òkúta tí fínígà ò lè mú hó. Bí mo ṣe sọ ibi tí mo lo gọ́ọ̀mù náà sí fún Olómi, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn pa iná.

Mo pe ìyàwó mi lórí fóònù. "Sáré gòkè. Ẹ kó àwọn ẹja kúrò nínú omi."

"Kúrò nínú omi," ìyàwó mi tún un sọ. "Kí n wá kó wọn lọ síbo, orí bẹ́ẹ̀dì?"

"Mi ò ṣeré."

"O ò ṣeré lọ́jọ́ tí o ní kìnnìún ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi náà. Oníbàárà mi bẹ́ gba ojú fèrèsé pẹ̀lú aṣọ tí mo rán apá kan. Títí di òní, mi ò rí aṣọ yẹn mọ́." Ó pa fóònù. Nígbà tí mo tún pè é, kò gbé e.

Màmá ló kù. Mi ò pe màmá lórí fóònù rí. Ẹ̀rù wọn ń bà mí nígbà tí ojú bá rí ojú, ká má tíì sọ nígbà tí ojú ò rí ojú.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, oògùn wà nínú gọ́ọ̀mù náà. Ẹ kó wọn jáde."

"Mo gbọ́," ni màmá wí. Fóònù kú.

Ó parí. Èsì tí wọ́n fún ẹsẹ̀ tó ń jowú náà ni wọ́n fún mi. Mo lọ bá ọ̀gá wa pé ẹja màmá ń kú lọ, mo fẹ́ lọ sílé.

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ilé rẹ ló fò lọ," ọ̀gá wa wí, kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Kò tíì balẹ̀, ẹja ti wọ̀ ọ́. Padà sẹ́nu iṣẹ́."

"Ọ̀gá, òótọ́ ni tòní," ni Olómi wí. "Èmi ni mo dá a sílẹ̀."

Alùpùpù Olómi la gùn lọ. A sáré débi pé òjìji wa ń ké pe wá lẹ́yìn pé ká dúró de òun. Mi ò rí ọ̀nà. Ojú ẹja yẹn ni mò ń rí, àti ìka màmá tó ń ti yanrìn sí ògiri tí mo fi májèlé mọ. Ẹni tó fún mi ní ẹsẹ̀ padà, ohun kan ṣoṣo tí ọkọ wọn fi sílẹ̀ fún wọn ni mo lọ pa.

Nígbà tí a wọlé, àpótí gíláàsì náà ti gbẹ. Kò sí omi, kò sí ewéko. Màmá jókòó sídìí tábìlì, wọ́n fọwọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́. Abọ́ kan wà níwájú wọn tí wọ́n fi aṣọ bò.

"Màmá, ẹja ńkọ́?"

"Jókòó," ni wọ́n wí, ohùn wọn lọ sílẹ̀. "Ohun tó bá ti ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. A kì í fi ẹja ṣòfò. Jẹun."

Mo wo abọ́ náà. Olómi ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ kápẹ́ẹ̀tì. Èmi kúnlẹ̀. Mo la ẹnu, mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni yóò tún jáde, torí òun nìkan ló mọ ọ̀nà. Kò jáde.

"Màmá," mo ní, "ẹ sùn sórí àga kí n lè sùn sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ dì mí mú nígbà tí mi ò lè dá dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ ò jẹ́ kí ojú tì mí lọ́jọ́ kan. Mi ò dúpẹ́ rí. Ògiri yìí ni mo ní kó bá mi dúpẹ́, mo wá fi ba ohun tí Bàbá fi sọ́wọ́ yín jẹ́. Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ ṣeun gan-an. Mi ò mọ ohun tí mo tún lè sọ."

"Ṣé o ti parí?" ni màmá bi mí.

"Mo ti parí."

"Kò sí ẹ̀fẹ̀ níbẹ̀?"

"Kò sí, Màmá."

"Ó dáa. Ṣí abọ́ náà."

Mo ká aṣọ kúrò. Òkúta ni. Ògiri mi ni, wọ́n ti já a wẹ́wẹ́, òkúta pupa náà wà láàárín bí ẹran tí wọ́n fi pọ́n àlejò lé.

"Ní sùúrù," ni màmá wí. "Wọ́n ṣì le díẹ̀."

Ìgbà yẹn ni màmá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí wọ́n ti ń kó pamọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n dé, wọ́n tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tábìlì ń gbọ̀n. Ìyàwó mi sáré gòkè pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó rò pé ìyá òun ń sunkún, kò gbọ́ irú ohùn yẹn láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti lọ.

Màmá fà mí lọ́wọ́ lọ sí balùwẹ̀. Nínú báàfù tí mo fi ọwọ́ ara mi tẹ́ táìsì yí ká ni Bàbá Onírunmú wà, pẹ̀lú àwọn wẹ́wẹ́ pupa, nínú omi tí màmá ti pọn sílẹ̀ láti fi pààrọ̀ omi wọn. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sómi ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Màmá ní nígbà tí àwọn yọ sí wọn, ọ̀gá ẹja náà ti ń dojú sókè, ó ń mí gúlegúle. Ká ní wọ́n pẹ́ díẹ̀ sí i ni.

"Màmá, báwo lẹ ṣe gbà mí gbọ́?" mo bi wọ́n. "Ọmọ yín fúnra rẹ̀ kò gbà."

Màmá fi ìka kan omi, ẹja náà sún mọ́ ìka wọn.

"Irọ́ rẹ máa ń gùn," ni wọ́n wí. "Bí o bá ń parọ́, ẹyẹ á wà níbẹ̀, òṣùpá á wà níbẹ̀, èèyàn á ti se tíì mu tán kí o tó dé ìdí ọ̀rọ̀. Tòní kúrú."

Mo ti rò pé wọn kì í gbọ́ mi. Àṣé kò sí ẹ̀fẹ̀ mi kan tí wọn ò gbọ́ dópin, tí wọn ò sì tọ́jú.

A tún ògiri náà mọ. Olómi ló fọ yanrìn, ó fọ òkúta, ó pọn omi, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ìyàwó mi ló gé ike tuntun, ó ní ọwọ́ tó ń gé aṣọ mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ kọ́rọ́. Màmá ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ ara gọ́ọ̀mù náà sókè fún gbogbo wa kí wọ́n tó jẹ́ kí n gé e lẹ́nu, a sì sá ògiri náà títí òórùn kíkan fi tán lára rẹ̀ pátápátá. Ó wà nínú omi báyìí. Òkúta wà ní tiẹ̀, yanrìn wà ní tiẹ̀, irunmú sì ti ń hù padà. Màmá ní kò ní pẹ́ dé etí.

Lánàá, mo wà lórí àkàbà nígbà tí fóònù mi dún. Màmá ni. Mo ní, kí ló tún dé? Mo rọra sọ̀ kalẹ̀ kí n tó gbé e.

"Ọkọ ọmọ mi," ni màmá wí, "ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ nílé. Bàbá Onírunmú jáde láàárọ̀ yìí, ó wọ fìlà, ó ní òun ń lọ gé irunmú òun lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Bó ṣe dé ìkóríta, ó pàdé ẹyẹ kan tó ní òun mọ̀ ẹ́, pé o là òun níjà nígbà kan..."

Mo yí bọ́kẹ́ẹ̀tì dojú dé, mo jókòó lé e. Ọ̀gá wa ń wò mí, mo na ọwọ́ sí i pé kó fún mi láyè. Ọ̀rọ̀ náà ń gùn, mo sì mọ̀ pé àlàáfíà ni gbogbo wọn wà.

"Mo gbọ́, Màmá," mo ní. "Ẹ máa bá a lọ."